Ìbàlẹ̀

Rífíkátù, èmi ni mo pa orúkọ rẹ rẹ́.
Kì í ṣe ìgbìmọ̀, kì í ṣe dókítà,
kì í ṣe ọkùnrin oníkóòtù tó ti Wùsé gbé fáìlì wá.
Bírò pupa ni, ọwọ́ ọ̀tún mi ni,
ọwọ́ kan náà tó di ìbàdí rẹ mú
lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ tàkìtì sẹ́yìn
tó o dìde, tó o bi mí bóyá ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́.
Ìyá rẹ á já ọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì láago márùn-ún ìdájí
kó tó lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Máítámà.
Másà méjì nínú ọ̀rá, o ò ní fẹnu kàn án títí a ó fi ṣíwọ́.
Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
o ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń lọ kí àbúrò ìyá rẹ̀.

Oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ń jà, eruku ti bo gílóòbù.
Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i.
Orúnkún ò ké. Ó kàn dún tà,
bí igi gbígbẹ tí ewúrẹ́ tẹ̀ lójú ọ̀nà Bwari.
Ẹfun ọwọ́ rẹ ṣì wà lófuurufú
nígbà tí ìwọ ti wà nílẹ̀.

Oṣù mẹ́sàn-án.
Málàm Hábù ní Gwagwalada ní kó o ká a, o ká a;
ó ní kó o tún un ká, o fi èdè Kwoi bú u,
ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́.
O ń gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Èríà Wan, o ń lọ, o ń bọ̀,
àwọn tó ń ta káàdì ń bá ọ kà á.

Wọ́n ní àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí àgbò tó fẹ̀yìn rìn
nítorí pé ẹsẹ̀ ń dùn ún.
Ta ló bi àgbò?

Nígbà tèmi, ní Kàdúná, kò sẹ́ni tó bi mí.
Kóòṣì fi ròbù ra kókósẹ̀ mi, ó dì í gírígírí,
ó ní, “Ìbídùn, ẹyọ kan ló kù.”
Mo fò ó. Mo gba fàdákà.
Fàdákà náà wà nínú dúrọ́ọ̀ kan, mi ò mọ èwo.
Kókósẹ̀ ni mo mọ̀: ó máa ń sọ fún mi kí òjò tó dé.

Ní Sátidé, o tàkìtì lẹ́ẹ̀mejì, o yí, o balẹ̀.
Gbogbo ilé hó. Ene fò mọ́ ọ lọ́rùn.
Èmi ń wo ẹsẹ̀ òsì rẹ:
òun ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, òun nìkan ló ru ẹrù ẹni méjì,
orúnkún ọ̀tún dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àlejò tí a ò fún ní àga.
Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.
Adájọ́ ò rí i.

Mo kọ orúkọ Ene,
Ene tí kò fò tó ọ, tó mọ̀ pé òun ò fò tó ọ,
tó sunkún ju ìwọ lọ.

Bí mo bá ṣì í ṣe ńkọ́?
Bóyá kò sí nǹkan kan tó ṣe orúnkún yẹn mọ́.
Bóyá kókósẹ̀ tèmi ni mo rí lára rẹ.
Ẹsẹ̀ rẹ balẹ̀, Rífíkátù. Ọkàn mi ni ò balẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, iná ò sí. Mo jókòó sórí tìmùtìmù,
mo gbọ́ ìró géètì.
O ò kí mi.
O bu ẹfun, o gun pákó kúkúrú àwọn ọmọdé,
o na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú,
o sì ń wò ó pẹ́, nínú òkùnkùn,
bí ẹni ń bi í ní nǹkan.